Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 27, fẹ́ du ipò aṣòfin ìpínlẹ̀: ẹgbẹ́ ńlá ni kó bá lọ ni, àbí ẹgbẹ́ kékeré?

ỌmọÒkèÒgùn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí n gbé e wá síwájú yín nítorí mo mọ̀ pé àwọn tó ti rin ìrìn òṣèlú pọ̀ níbí.

Àbúrò mi obìnrin pé ọmọ ọdún 27 lóṣù tó kọjá. Ó jáde ní pólì, ó sin ilẹ̀ baba rẹ̀ tán, ó wáṣẹ́ títí kò rí, ló bá padà sílé wa ní Òkè-Ògùn. Ẹ̀gẹ́ ló ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tó fi ń ṣe gàrí. Obìnrin méje ló ń bá a ṣiṣẹ́ báyìí.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀rọ omi ilé ìwòsàn àdúgbò wa bàjẹ́. Odidi oṣù mẹ́jọ làwọn aláboyún fi ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi dání wá bímọ. Àbúrò mi yìí kó ọ̀dọ́ mẹ́ta mọ́ra, wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ẹlòmíì fún wọn ní 200 náírà, ẹlòmíì 1,000. Omi dé. Lẹ́yìn náà ló kọ orúkọ gbogbo ẹni tó dáwó àti gbogbo ohun tí wọ́n rà sórí káádíbọ́ọ̀dù, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìwòsàn. Mo dúró kà á fúnra mi: owó páìpù, owó wáyà, owó ẹni tó tún un ṣe, owó ọ̀kadà ẹni tó lọ ra ẹ̀yà ẹ̀rọ ní Ìsẹ́yìn. Ìlà tó gbẹ̀yìn ni “àṣẹ́kù 350 náírà, ó wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì.” Àtìgbà yẹn làwọn ìyá ọjà ti ń pè é ní Ọnọ́rébù.

Ó ti wá sọ fún wa nílé pé òun fẹ́ lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ilẹ̀kùn méjì ló wà níwájú rẹ̀. Ẹgbẹ́ ńlá kan wà tó ti ń bá wọn ṣèpàdé, ṣùgbọ́n owó fọ́ọ̀mù wọn pọ̀, àwọn àgbà ibẹ̀ sì ní kó ní sùúrù, kò tíì kàn án. Ẹgbẹ́ kékeré kan tún ránṣẹ́ sí i pé kó wá gba tíkẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tí yóò bá a dù ú. Bàbá wa ò fẹ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ìyá wa ní òun ò lè sùn mọ́. Ìbàdàn ni èmi ti ń ṣiṣẹ́, mi ò sì fẹ́ gba ọmọ ọlọ́mọ nímọ̀ràn tí yóò ko ó sí gbèsè.

Kí lẹ rí sí i?

BàbáWọ́ọ̀dù

Ọmọ mi, o ṣe dáadáa bí o ṣe béèrè. Ọdún 11 ni mo fi jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù wa, mo sì ti jẹ́ dẹ́lígéètì, ìyẹn ẹni tí wọ́n rán láti lọ dìbò yan olùdíje ẹgbẹ́, lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà. Ohun tí mo fẹ́ kí àbúrò rẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé lọ́dọ̀ tiwa, ìdìbò abẹ́lé ni wọ́n ti ń yan aṣòfin. Ní ibi tó pọ̀, òǹtẹ̀ ni wọ́n kàn ń lù ú lọ́jọ́ ìdìbò gbogbogbòò.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní 2022. Òfin Ìdìbò ti ọdún náà ò jẹ́ kí àwọn tó wà nípò òṣèlú dìbò gẹ́gẹ́ bíi dẹ́lígéètì bíi ti tẹ́lẹ̀, àwa tí wọ́n yàn láti wọ́ọ̀dù nìkan ló kù. A ò pọ̀ rárá, ẹni tó bá sì fẹ́ rà wá mọ iye orí wa. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n kó wa sí òtẹ́ẹ̀lì kan. Àwọn mẹ́ta tó ń du ipò náà ń wọlé tọ̀ wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjì kó àpò wá. Ẹnì kẹta, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 31, ìwé ló mú wá. Ó ti kọ ohun tó fẹ́ ṣe fún wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan síbẹ̀, ó ń kà á fún wa bó ṣe ń làágùn. A pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tílẹ̀ mọ́, tí wọ́n kó wa dé gbọ̀ngàn ilé ìwé, tí wọ́n gba fóònù wa lẹ́nu ọ̀nà, ìbò mẹ́rin péré ló ní.

Ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn ni tèmi. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn mí dòní pé mi ò dìde sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi.

Àṣìṣe ọmọ náà ni pé ìgbà tí wọ́n yan dẹ́lígéètì tán ló tó ń wá wọn. Bí ẹgbẹ́ náà bá ṣì ń lo dẹ́lígéètì, kí àbúrò rẹ ti wà níbi tí wọ́n ti ń yàn wọ́n. Kó forúkọ sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù rẹ̀ gan-an, kó má ṣe é ní Ìbàdàn. Kó mọ alága wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan nílé, kó mọ orúkọ ọmọ wọn. Kó fi èèyàn tirẹ̀ sínú àwọn tí wọ́n máa yàn.

TíṣàÀgbà

Mo kí gbogbo ilé. Èmi ò fara mọ́ ọn, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ọdún 34 ni mo fi kọ́ ọmọ. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ débi tí àbúrò rẹ ń fẹ́ lọ yìí. Ọmọ tí iná ń jó lójú rẹ̀ ni nígbà tó wọlé. Kò pé ọdún kan tó fi di ẹni tó ń jókòó lẹ́yìn, tó ń na ọwọ́ sókè sí gbogbo ohun tó bá ti ọ́fíìsì gómìnà wá. Mo bi í léèrè. Ó ní, “Tíṣà, gbèsè ni mo fi wọlé, ẹni tó sì yá mi lówó wà nínú ilé náà.” Èmi ò lè gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn.

Ilé aṣòfin tiwa, ẹni 32 ló wà níbẹ̀. Kí ni ọmọ ọdún 27 kan ṣoṣo, tí kò ní bàbá ìsàlẹ̀, fẹ́ ṣe láàárín wọn? Àwọn ará ìlú á ní kó wá ṣọ̀nà, kó wá san owó ilé ìwé, kó wá bá wọn sìnkú. Kò sí ọ̀kan tó jẹ́ iṣẹ́ aṣòfin níbẹ̀, bí kò bá sì ṣe é, wọ́n á ní ó ti jẹ wọ́n níyà.

Kó lọ du kánsẹ́lọ̀ ná. Kó mọ bí wọ́n ṣe ń ka bọ́jẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá pé ọmọ ọdún 35, kò tíì pẹ́.

ỌmọÒkèÒgùn

Ẹ ṣeun, Tíṣà. Mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n ilé kan náà tí ẹ ń sọ yìí, ọ̀dọ́ ló ń darí rẹ̀ láti 2019. Adébọ̀ Ògúndóyìn ò ju ọmọ ọdún 31 lọ nígbà tó wọlé fún Ìlà-Oòrùn Ìbàràpá nínú àtúndì ìbò oṣù kẹfà 2018, lẹ́yìn tí Olórí Ilé ìgbà náà, Michael Adéyẹmọ, papò dà. Ọdún kan lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ ti di Olórí Ilé. Kí ló wá dé tí ti àbúrò mi á fi yàtọ̀?

TíṣàÀgbà

Ó yàtọ̀, ọmọ mi. Olóògbé Adéṣeun Ògúndóyìn ni bàbá rẹ̀, ẹni tí gbogbo Ìbàràpá mọ̀ nídìí okòwò àti òṣèlú. Orúkọ ti wà nílẹ̀ kí ọmọ tó dé. Mi ò fi bu ọmọ náà o, ó ti ṣe tirẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé bàbá tiyín, àgbẹ̀ ni. Orúkọ tí yóò ṣí ilẹ̀kùn fún àbúrò rẹ, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ ọ́.

AráÌlọrin

Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀dọ̀ tiwa ní Kwara wá. Rukayat Shittu, ọmọ ọdún 26, ló wọlé fún àgbègbè Òwódé/Onírè ní ìjọba ìbílẹ̀ Asà, ní ìdìbò 18 oṣù kẹta 2023. Iṣẹ́ ìròyìn ló ń ṣe kó tó di aṣòfin. Ìbò 7,521 ló ní, ẹni tó tẹ̀ lé e ní 6,957. Ẹ yọ ọ́ kúrò, 564 ló kù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo 564 yẹn dáadáa. Ibùdó ìdìbò méjì tàbí mẹ́ta péré ni. Àdúgbò kan tí ó bá gbàgbé láti lọ kí, tàbí ibi tí wọn ò bá ti fún ejẹ́ńtì rẹ̀, ẹni tó ń bá a ṣọ́ ìbò, lówó ọkọ̀, ó ti lọ. Inú wa dùn lọ́jọ́ náà débi pé àwọn ọmọbìnrin àdúgbò wa ń pe ara wọn ní Rukayat. Obìnrin márùn-ún ló wọ ilé aṣòfin Kwara lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún yẹn, ẹni 24 sì ni gbogbo wọn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òdodo tó kù: abẹ́ àsíá ẹgbẹ́ gómìnà ló ti díje. Ọjọ́ orí rẹ̀ nìkan kọ́ ló gbé e wọlé. Nítorí náà, ẹgbẹ́ ńlá ni mo dìbò fún nínú ìbéèrè rẹ, ọ̀rẹ́ mi.

ÌyáỌlọ́jà

Ẹ jẹ́ kí èmi obìnrin náà fọhùn, nítorí mo rí i pé ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń sọ̀rọ̀.

Mo du ipò kánsẹ́lọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 33, mo ti bí mẹ́ta. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n máa ń pe ìpàdé ẹgbẹ́, ní pálọ̀ ọkùnrin kan, láàárín ọtí. Bí mo bá lọ, ìròyìn tó máa ṣáájú mi délé ni pé mo ń bá alága rìn. Bí mi ò bá lọ, wọ́n á ní mi ò nífẹ̀ẹ́ ẹgbẹ́. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì sí ìdìbò abẹ́lé, àwọn àgbà méjì wá sí ìsọ̀ mi, wọ́n jókòó sórí àpótí ọṣẹ, wọ́n ní kí n fún ọkùnrin kan láyè, àwọn á fi mí ṣe Ìyá Ẹgbẹ́. Wọ́n tilẹ̀ ti ra aṣọ ẹgbẹ́ dání. Mo gbà á. Dòní ni mo ń kábàámọ̀ aṣọ yẹn, ó ṣì wà nínú àpótí mi, mi ò rán an.

Kí àbúrò rẹ má gbà á. Wọ́n á fi lọ̀ ọ́, ó dá mi lójú bí ẹní máa kú. Kò sí ohun tó burú nínú jíjẹ́ olórí àwọn obìnrin, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi dípò ohun tí o wá dù, ìtìsẹ́yìn ni.

Ohun méjì ni mo lè gbà á níyànjú. Àkọ́kọ́, kó má dá lọ sípàdé alẹ́. Kó mú àǹtí tàbí ìyá àgbà kan dání tí ẹnu rẹ̀ le. Èkejì, kó máa pe ìpàdé sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní ọ̀sán, níbi tó ti ń ṣe gàrí. Kó fún wọn ní gàrí àti ẹ̀pà. Àwọn obìnrin á wá, ibi tí obìnrin bá sì pọ̀ sí nìbò wà.

Nítorí ìyá rẹ tí kò rí oorun sùn, sọ fún un pé ìyá kan níbí ń bá a gbàdúrà.

AmòfinÒru

Ẹ jẹ́ kí n fi òfin sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó lọ jìnnà.

Lójú Ìwé Òfin 1999, ẹni tó bá fẹ́ dé ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kó ti pé ọmọ ọdún 25, kó kàwé dé ìwọ̀n Sátífíkéètì ìwé mẹ́wàá, kó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, kí ẹgbẹ́ yẹn sì fà á kalẹ̀. Kò sí àyè fún olùdíje tí kò ní ẹgbẹ́ nínú òfin wa. Ọdún 30 ni ọjọ́ orí náà tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún 2018 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe tó sọ ọ́ di 25. Ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń wú mi lórí: àtúnṣe Ìwé Òfin ò lè dúró láìjẹ́ pé ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ tó tó 24 fọwọ́ sí i. Àwọn ilé kékeré tí Tíṣà ń sọ pé wọn ò lágbára yìí wà lára àwọn tó ṣílẹ̀kùn fún àbúrò rẹ.

Èyí tó kàn ni orúkọ. Kí àbúrò rẹ kó gbogbo ìwé rẹ̀ sílẹ̀ lónìí: ìwé ọjọ́ ìbí, ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, WAEC, ti pólì, ti àgùnbánirọ̀, káàdì ìdìbò. Ṣé orúkọ kan náà ló wà lára gbogbo wọn, lẹ́tà fún lẹ́tà? Ní Bayelsa, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé ìdìbò gómìnà ní 13 oṣù kejì 2020, nígbà tó ku ọjọ́ kan péré kí wọ́n búra fún un, nítorí orúkọ igbákejì rẹ̀ ò bára mu lára àwọn ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Bí ìyàtọ̀ bá wà, kó ti lọ búra nílé ẹjọ́ nísinsìnyí, kó gbé e sínú ìwé ìròyìn.

Ẹ̀kẹta, òótọ́ pọ́ńbélé ni ohun tí BàbáWọ́ọ̀dù sọ nípa ìdìbò abẹ́lé. Ní Zamfara ní 2019, ẹgbẹ́ kan wọlé fún ipò gómìnà àti ọ̀pọ̀ ìjókòó ilé aṣòfin. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní wọn ò ṣe ìdìbò abẹ́lé bó ṣe yẹ, gbogbo ìbò wọn di òfo, àwọn tó tẹ̀ lé wọn ló kó ipò náà lọ. Nítorí náà, ẹgbẹ́ yòówù kó wọ̀, ńlá tàbí kékeré, kó rí i pé ìdìbò abẹ́lé náà wáyé lóòótọ́, pé àwọn òṣìṣẹ́ INEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò, wà níbẹ̀, kó sì gba ẹ̀dà ìwé èsì rẹ̀ dání. Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ tí wọ́n bá kọ sórí tábìlì ẹnì kan lè di òfo lọ́jọ́ tí ẹjọ́ bá dé.

Ní ti owó: ní ìdìbò 2023, 30 mílíọ̀nù náírà ni òfin gbà kí olùdíje ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ná mọ. Fọ́ọ̀mù APC fún ipò náà jẹ́ 2 mílíọ̀nù, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ò san owó fọ́ọ̀mù ìyannisípò, ti ìfìfẹ́hàn nìkan ni wọ́n san, ìyẹn 500,000. Ti PDP jẹ́ 600,000 lápapọ̀. Kó béèrè ìdínkù tó wà fún obìnrin àti ọ̀dọ́ kó tó yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

AráHouston

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, Texas ni mo ń gbé. Inú mi dùn sí ọmọ yìí gan-an. Àwa mélòó kan lè kó owó jọ. Ṣé òfin gbà á? Ó máa ń dùn mí pé àwa tó ń fi owó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù ò lè dìbò láti ibi tí a wà.

AmòfinÒru

Ẹ ṣọ́ra. Ìwé Òfin ò jẹ́ kí ẹgbẹ́ òṣèlú di owó tó bá ti òkè òkun wá mú, INEC ló yẹ kí wọ́n kó o fún. Ohun tó dára jù tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ pe àwọn ẹbí yín tó wà nílé níkọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ti gba káàdì ìdìbò. Ẹ̀bùn tí kò lẹ́jọ́ nínú nìyẹn.

EjẹńtìÌbò

Mi ò bá àwọn àgbà jiyàn, ṣùgbọ́n ẹnìkan ò tíì sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ ìdìbò fúnra rẹ̀. Èkó ni mo ti ṣe ejẹ́ńtì ní 2023, fún Labour Party.

Ní 25 oṣù kejì, Labour Party ló gba Èkó nínú ìdìbò ààrẹ. Gbogbo wa rò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, a máa kó ilé aṣòfin. Nígbà tí 18 oṣù kẹta dé, nínú ìjókòó 40, méjì péré ni wọ́n rí mú, Amuwo-Ọ̀dọ̀fin sì ni méjèèjì. Àwọn méjì yẹn nìkan ni ìgbì náà gbé dé ilé aṣòfin Èkó.

Èmi dúró ní ibùdó tèmi láti aago méje àárọ̀. Ẹ̀rọ BVAS wà, wọ́n ń fi ṣàyẹ̀wò ojú àti ìka àwọn olùdìbò. Nígbà tó di ọ̀sán, dìbò-kóo-sebẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Mo rí ìyá kan tó fi ìwé ìbò rẹ̀ han ọkùnrin kan lójú, tó fi ọwọ́ bọ etí aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, alákòóso ibùdó kọ èsì sórí fọ́ọ̀mù EC8A, ó ní kí àwa ejẹ́ńtì fọwọ́ sí i, ó fún kálukú ní ẹ̀dà. Mo wo ẹ̀dà tèmi títí. Ní ibùdó tó wà níwájú wa, tí ojú mi lè tó, ẹgbẹ́ wa ò ní ejẹ́ńtì rárá. Kò sẹ́ni tó gba ẹ̀dà fún wa níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá yí iye padà lójú ọ̀nà, kí la máa fi hàn ní ilé ẹjọ́?

Ẹ ṣe ìṣirò yìí fún àbúrò yín. Ká ní ibùdó 150 ló wà ní àgbègbè ìdìbò rẹ̀. Ẹni 150 ni, tó lè kàwé, tí kò ní gba owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíì, tí yóò dúró láti òwúrọ̀ dé ìgbà tí iná bá tàn. Bí oúnjẹ àti owó ọkọ̀ ẹnì kan bá jẹ́ 10,000, mílíọ̀nù kan àbọ̀ nìyẹn. Ẹgbẹ́ kékeré tó ń fi tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ lọ̀ ọ́, kó bi wọ́n léèrè: ẹ̀yin mélòó lẹ wà ní wọ́ọ̀dù mi? Bí wọn ò bá lè dárúkọ èèyàn mẹ́wàá, ìwé lásán ni wọ́n fún un.

TíṣàÀgbà

Ẹ̀yin ará, mo ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò tíì yí èrò mi padà tán, ṣùgbọ́n mo ní láti gbà pé AmòfinÒru mú nǹkan kan wá sí mi lọ́kàn. Ní 2020, àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ mẹ́fà tó wà ní ilẹ̀ Yorùbá ló sọ Àmọ̀tẹ́kùn di òfin. Kí wọ́n tó ṣe é, àwọn ọmọ mi ní Òkè-Ògùn ò lè lọ sóko láìbẹ̀rù. Nítorí náà mi ò lè sọ pé ilé náà ò wúlò.

Ìbẹ̀rù mi kan ṣoṣo ni gbèsè yẹn. Bí ó bá lè wọlé láìjẹ gbèsè lọ́wọ́ ẹni tí yóò máa darí ọwọ́ rẹ̀, mi ò ní dí i lọ́nà.

ỌmọÒkèÒgùn

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka ìjíròrò yìí fún un lórí fóònù lálẹ́ àná, kò sì jẹ́ kí n dúró níbì kankan. Nígbà tí mo dé ibi aṣọ Ìyá Ọlọ́jà, ó dákẹ́. Ó ní òun fẹ́ fúnra òun dáhùn.

ÀbúròNáà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín.

Tíṣà, mo gbọ́ ti gbèsè. Mo ti pinnu pé mi ò ní yá owó fọ́ọ̀mù. Àwọn obìnrin méje tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní àwọn fẹ́ dá ẹgbẹ̀rún márùn-ún márùn-ún. Àwọn ará àdúgbò tó dáwó omi náà ti ń fi díẹ̀díẹ̀ ránṣẹ́. Èmi á máa kọ gbogbo rẹ̀, mo sì máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí kò bá tó iye fọ́ọ̀mù, á jẹ́ pé ọdún yìí kọ́, mo sì máa dá a padà fún oníkálùkù.

Mo ti kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ kékeré náà pé mo dúpẹ́. Mo bi wọ́n léèrè ohun tí EjẹńtìÌbò sọ: ẹni mélòó ni wọ́n ní ní wọ́ọ̀dù mi? Wọ́n dárúkọ ẹni méjì, ọ̀kan nínú wọn sì ti kó lọ sí Ìlọrin. Ẹgbẹ́ ńlá ni màá bá lọ. Mo mọ̀ pé wọ́n lè já mi jù sílẹ̀ ní ìdìbò abẹ́lé. Bí wọ́n bá já mi, mo fẹ́ kó jẹ́ lójú gbogbo èèyàn, kì í ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì lóru.

Amòfin, mo kó àwọn ìwé mi jáde lálẹ́ àná. Sátífíkéètì WAEC mi kọ orúkọ àárín mi láìsí “h” tó wà nínú ti pólì. Mi ò kíyè sí i láti ọdún yìí wá. Màá lọ búra lọ́jọ́ Ajé.

Ìyá Ọlọ́jà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jó aṣọ yẹn. Àǹtí mi tó ń ta ẹja á máa tẹ̀ lé mi lọ sípàdé.

BàbáWọ́ọ̀dù, mo ní ìwé ẹ̀kọ́ kan, olójú ewé 60. Wọ́ọ̀dù mẹ́wàá ló wà ní ìjọba ìbílẹ̀ wa, mo pín ewé mẹ́fà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orúkọ alága wọ́ọ̀dù, ti akọ̀wé, ti ìyálọ́jà, ti ọ̀gá àwọn ọlọ́kadà, àti iye àwọn ọ̀dọ́ tí wọn ò tíì ní káàdì ìdìbò. Mẹ́rin ló ti kún. Mẹ́fà ló kù. Lọ́jọ́ Sátidé ni mò ń lọ sí wọ́ọ̀dù karùn-ún, ibi tí wọ́n ti ní kí n má wá nítorí mo jẹ́ ọmọdé.

BàbáWọ́ọ̀dù

Ọmọ mi, Òkèhò ni mo ń gbé, kò jìnnà. Sọ wákàtí tí ìpàdé ọjọ́ Sátidé náà máa bẹ̀rẹ̀ fún mi. Mo mọ alága wọ́ọ̀dù tí o ń sọ, a jọ jẹ́ dẹ́lígéètì. Mo máa wá, mo sì máa dìde sọ̀rọ̀.